Ẹni Tí Ó Ń Jókòó Ti Aṣọ Wa Lọ́jà

Ní ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2023, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo jókòó sórí àpótí onígi kan ní ẹ̀yìnkùlé àbúrò ìyá mi ní Ìwarò, ní Ọ̀kà Àkókó. Òjò ti dá láti ìdájí, oòrùn sì ti ń gbẹ omi orí àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé náà. Òfì wà níwájú wa, òfì àwọn obìnrin, èyí tí a gbé ti ara ògiri tí ó sì ga ju ènìyàn lọ. Aṣọ tí ó wà lórí rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ kí ó parí. Mo ti gbé fóònù mi lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó máa ń gbé e dúró, ṣùgbọ́n n kò tíì tẹ̀ ẹ́ kí ó máa ya fídíò. Mo to gbogbo èyí lẹ́sẹẹsẹ nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo sọ fún àbúrò ìyá mi pé n kò ní lè ṣe iṣẹ́ tí a jọ dáwọ́ lé mọ́.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Àbúrò ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ ní àdúgbò rẹ̀, òun nìkan ni ó ṣì lè mú kíjìpá láti orí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ran títí dé orí aṣọ tí a gé kúrò lórí òfì. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Mo mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìmọ̀ tí ó bá ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé n ó tẹ̀lé aṣọ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ó máa ya á ní fídíò kéékèèké, n ó sì máa gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀la lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dáwọ́ dúró nígbà tí aṣọ náà ku díẹ̀, gígé aṣọ àti dídì etí rẹ̀ kò ní sí nínú àkọsílẹ̀. Bí n kò bá sì dáwọ́ dúró, ó dá mi lójú ní àárọ̀ ọjọ́ náà pé ọkàn mi kò ní gbà á.

Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ dùn. Àwọn tí ń wo fídíò wa pọ̀ ju gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn ọmọ Àkókó tí ó wà lókè òkun ń kọ̀wé pé ìró ọ̀pá pẹlẹbẹ tí ìyá yìí fi ń lu òwú mọ́ra ń rán àwọn létí ilé ìyá àgbà wọn. Mo máa ń ka èsì wọn fún un, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe àṣìṣe. Nínú fídíò kan tí mo gbé jáde nínú oṣù Ògún, mo sọ pé Ọ̀kà nìkan ni wọ́n ti ń fi ìlà pupa sí etí kíjìpá ìyàwó. N kò ní ẹ̀rí kankan fún gbólóhùn náà ju pé ilé ìyá mi ni mo ti rí aṣọ náà. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni bàbá mi. Àárín Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé, níbẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò bi obìnrin kan léèrè rí ní agbo ilé bàbá mi bóyá ìyá tirẹ̀ hun aṣọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wá láti ìlú kan tí bàbá rẹ̀ wá láti ìlú mìíràn ní agbègbè wa yóò mọ irú àṣìṣe tí èyí jẹ́. A máa ń rò pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ìtàn wà, pé ọ̀dọ̀ bàbá ni ilẹ̀ àti oyè wà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ènìyàn bàbá mi ti dé sábẹ́ fídíò náà. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, “Ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó ń jẹ iyán Ọ̀kà, ẹ bá wa bi í bóyá iyán náà ti yó o.” Òmíràn ní ẹnì kan ni ó fún mi lówó, pé a háyà ìyá arúgbó náà ni. Àwọn ọmọ Ọ̀kà dìde láti gbèjà mi, ọ̀rọ̀ wọn sì burú ju ti àwọn tí wọ́n ń bá jà lọ. Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti ẹnì kan tí kò ní àwòrán, tí kò sì lo orúkọ gidi. Abẹ́ gbogbo fídíò ni ó ti máa ń kọ gbólóhùn kan náà. Ó ń tọ́ka sí ògbólógbòó kíjìpá tí a fi hàn nínú fídíò àkọ́kọ́, èyí tí àbúrò ìyá mi sọ pé ìyá àwọn ni ó hun ún: “Mo mọ ọwọ́ tí ó hun aṣọ yẹn. Kì í ṣe ọwọ́ ìyá yín.”

Mo fèsì fún gbogbo wọn. Bí wọ́n ti tọ́ mi ni: ní ibi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó bá fi àtakò kan sílẹ̀ láìdáhùn ti gbà pé òun jẹ̀bi. Mo ń kọ èsì ní ìpínrọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, mo ń to ẹ̀rí sí i, wọ́n sì ń fi àwòrán ẹ̀rín dá mi lóhùn. N kò mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ òsì. Ìrẹsì jóná mọ́ mi lórí iná ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kan mo wà níwájú kíláàsì, mo ń kọ nǹkan sára pátákó, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tí ó sọ ọ́ jáde ketekete pé, “Ta ni mo gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?”

 Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wà níwájú wí jẹ́jẹ́ pé, “Mà, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀.”

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni mo gbé lọ sí Ìwarò ní ọjọ́ Sátidé tí mo ń sọ.

Mo rò ó fún àbúrò ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn Ọ̀kà ni ó máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín. Kò dáwọ́ dúró nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ki òwú bọ̀, ó ń fi ọ̀pá lù ú, ó ń ki òwú bọ̀. Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, ó bi mí pé:

“Ìwọ fúnra rẹ ni o ń ka ohun tí wọ́n kọ?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ìwọ tí o ṣe fídíò?”

“Ta ni ì bá tún kà á?”

Nígbà náà ni ó tó gbé ọ̀pá kalẹ̀. “Dókítà,” ni ó wí. Ohun tí ó máa ń pè mí nìyí láti ìgbà tí mo ti gboyè, pàápàá nígbà tí mo bá ṣe ohun tí kò mọ́gbọ́n wá. “Dókítà tí kò ní abẹ́rẹ́. Ta ní ń jókòó ti aṣọ tìrẹ lọ́jà?”

Ìbéèrè náà kò yé mi. Ó wá ṣe àlàyé ohun kan tí n kò gbọ́ rí, pẹ̀lú gbogbo fídíò tí a ti jọ yà. Ó ní nígbà tí àwọn ṣì ń ta kíjìpá lọ́jà, ẹni tí ó hun aṣọ kì í jókòó tì í. Òun ní ọ̀rẹ́ kan ní àdúgbò kejì tí òun náà ń hunṣọ. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, ọ̀rẹ́ náà a gbé aṣọ tòun, òun a sì gbé ti ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó ń rajà a máa sọ ìsọkúsọ kí wọ́n lè bá a dín owó rẹ̀ kù. Yóò ní àpò ìrẹsì ni. Yóò ní ẹni tí ó hun ún kò lójú. Bí ẹni tí ó hun ún bá wà níbẹ̀, ìjà ni, tàbí kí ó gbé aṣọ délé kí ó má sì lè fọwọ́ kan òfì fún oṣù kan.

“Ọ̀rẹ́ ẹni kì í bínú sí i,” ni ó wí, “nítorí pé kì í ṣe aṣọ rẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tà á.”

“Bí ó bá délé ńkọ́? Ṣé kò ní sọ ohun tí wọ́n wí?”

“Ohun tí ọwọ́ lè tún ṣe ni yóò sọ. Ó wá bá mi ní ọjọ́ kan, ó ní, ‘Òwú etí yẹn, jẹ́ kí ó túbọ̀ le díẹ̀.’ Ó tán. Mo sì jẹ́ kí ó le. Ohun tí oníbàárà fi bú mi kí ó tó kan ọ̀rọ̀ etí, ọjà ni ó fi í sí.”

“Ẹ ò sì bi í?”

“Kí ni n ó fi ṣe?”

Ó tún mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní òun kò ní gé aṣọ yìí kúrò lórí òfì títí n ó fi rí ẹni tí yóò máa jókòó ti tèmi. Ó ní òun ti pẹ́ láyé, òun lè dúró. Ó wá mú aṣọ àlòkù kan, ó fi bo òfì náà láti òkè délẹ̀. Mo palẹ̀ fóònù mọ́, mo sì padà sí Ìkàrẹ́ láìya ohunkóhun.

Obìnrin aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa ní Ìkàrẹ́, ọmọ ááfà, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀. Òun ni ó ń rán búbà mi. Òun náà ní ìkànnì tirẹ̀, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń gé aṣọ láìsí bébà àwòṣe. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ tí ó ń nu ojú nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó sì ní eruku ni. Mo bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti parí ìsìn tí òun náà sì ti kírun ọ̀sán. Mo sọ fún un pé kí a ṣe pàṣípààrọ̀: kí òun máa ka èsì tèmi, kí èmi máa ka tirẹ̀, ní ọrọọrún, ní ọjọ́ ọjà nìkan.

Ó gbé aṣọ tí ó ń rán kalẹ̀. “Mọ́mì, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ sí mi o. Àwọn kan ń bá híjáàbù mi jà. Àwọn kan ní kí n lọ sílé ọkọ.”

“Ìwọ náà ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ sí mi.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni ó wí, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀. “Mo ti kà á. Èmi náà fèsì fún ẹnì kan. Mo bú u díẹ̀.”

A fún ara wa ní kọ́kọ́rọ́ ìkànnì, ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọ ibẹ̀, ní ọjọ́ náà. A ṣètò fóònù wa kí ó má máa sọ fún wa mọ́ nígbà tí ẹnì kan bá kọ nǹkan.

Ní ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́, mo ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti kọ. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan. Mo ka gbogbo èsì tí wọ́n kọ sí aránṣọ yìí, mo dà wọ́n kọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo pín wọn sí ìsọ̀rí, mo fi inki pupa sàmì sí èyí tí ó burú jù, mo sì kọ àlàyé sí etí ìwé nípa irú ènìyàn tí ó ṣeé ṣe kí ó kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ó mọ́ ni. Mo gbé e lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ṣí ojú ìwé kìn-ín-ní. Ó ṣí ìkejì. Ó bu omi mu. Ó wí pé, “Ẹ ṣeun, mà,” ó pa ìwé náà dé, ó sì ti ẹ̀rọ sẹ́yìn. Nígbà tí mo tún kọjá ní ọjọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò gbé fídíò jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo padà sí Ìwarò, mo sì jẹ́wọ́. Àbúrò ìyá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, nítorí pé aránṣọ ti dá a padà. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ń ṣí i ní ojú ìwé kan sí òmíràn, ó ń wo inki pupa.

“Gbogbo èyí?”

“Gbogbo rẹ̀ ni, Màmá. N kò yọ ìkankan.”

“O kò yọ ìkankan.” Ó dá ìwé náà padà sí itan mi. “Mo ní kí o bá a ta aṣọ. O lọ di ẹnu gbogbo ọjà sínú igbá, o gbé e délé fún un. Ìwọ ni oníbàárà tí ó burú jù níbẹ̀.”

 Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹnì kan ta kò mí tí n kò fèsì. Bí mo ti ń lọ sílé, tí ọkọ̀ ti kọjá Etioro, mo ṣàkíyèsí pé àyà mi kò já.

Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aránṣọ. Mo fa ìwé náà ya níwájú rẹ̀; ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó nípọn ṣòro fún mi láti ya, òun ni ó fi sísọ́ọ̀sì bá mi gé e. Èyí ni ó mú un rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ wò ó, Mọ́mì, sísọ́ọ̀sì mi yóò kú torí tiyín.” A tún bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ iṣẹ́ náà í ṣe. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní gbogbo ayé rẹ̀ pé kí ó má fi ohunkóhun pamọ́ kì í tètè kọ́ bí a ti ń fi nǹkan sílẹ̀ sọ́jà. Ní ọjọ́ ọjà kejì, mo mú ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án wá fún un. Ní ìkẹta, mo mú mẹ́rin. Ní ìgbà tí ó di oṣù Ọ̀pẹ, mo ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mo sì ń sọ fún un pé, “Wọ́n ní ọwọ́ rẹ ń bo ibi tí o ti ń gé, gbé fóònù sí apá ọ̀tún,” a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọjà àti ojú ọjọ́. Òun mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bóyá nítorí pé aránṣọ ni: ó ti mọ bí a ti ń gé aṣọ tí a kò ní í wá àgékù rẹ̀ kiri mọ́.

Nínú ohun tí òun mú wá fún mi ni ọ̀kan wà tí ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe. Ó ní, “Mọ́mì, obìnrin kan kọ̀wé láti Àjọwá. Kò bú yín. Ó ní ìyá òun ní kíjìpá ìyàwó, ìlà pupa sì wà létí rẹ̀. Ó ní kí ẹ wá wò ó.”

Mo lọ. Aṣọ náà wà nínú àpótí páànù, ó ń rùn bí káfúrà tí a fi ń lé kòkòrò, ìlà pupa sì wà ní etí rẹ̀ ní méjì. Lẹ́yìn èyí ni mo tó ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe ní ogójì ọdún sẹ́yìn: mo lọ sí agbo ilé bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí àgbà obìnrin tí ó kù níbẹ̀, mo sì bi í léèrè. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ ọmọ Ọ̀kà, ìsinsìnyí ni o ń mọ ilé?” Ó wá ní kí wọ́n gbé aṣọ tirẹ̀ jáde. Ìlà pupa kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó sì fẹ̀.

Mo gbé fídíò mìíràn jáde. Mo sọ pé mo ṣe àṣìṣe, mo fi aṣọ mẹ́ta hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti Ọ̀kà, ti Àjọwá, ti Ìkàrẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣàtúnṣe. N kò ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Aránṣọ sọ fún mi ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e pé, “Wọ́n ní kí ẹ sún mọ́ aṣọ náà dáadáa nígbà mìíràn. Iná ibẹ̀ kò tó.” Ó tán.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, àbúrò ìyá mi ṣí aṣọ àlòkù kúrò lójú òfì. Ó hun ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì tí ó kù. Ó gbé ọ̀bẹ lé òwú, ó wò mí, ó bi mí pé, “Ta ló ń jókòó ti tìrẹ?” Mo dá a lóhùn pé aránṣọ ni. Ó ní, “Ó dára,” ó sì gé e. Gígé náà wà nínú fídíò, dídì etí aṣọ náà wà níbẹ̀ láìkù síbì kan. Aṣọ náà ti wà ní àkọsílẹ̀ láti orí òwú dé òpin. Mo ń sùn, mo ń jẹun pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, a sì ti gbé òwú aṣọ kejì lé orí òfì.

Ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni mo bi aránṣọ léèrè rí, ní oṣù tí ó kọjá, nígbà tí ó ń wọn apá mi. Mo bi í bóyá ẹni tí kò ní àwòrán yẹn ṣì ń kọ̀wé, ẹni tí ó ní òun mọ ọwọ́ tí ó hun aṣọ àkọ́kọ́. Ó fi téèpù yí ọrùn ọwọ́ mi ká.

“Mọ́mì, ẹ na apá yín dáadáa.”

“Ṣé ó sọ orúkọ ẹnikẹ́ni?”

“Ẹ na apá yín, mà.”

Mo na apá mi. Mo ti wo ògbólógbòó kíjìpá náà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Àbúrò ìyá mi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ìyá àwọn ni ó hun ún, kò sì sí ẹni tí ó kù láyé nínú àwọn tí ì bá jẹ́rìí sí i tàbí kí ó ta kò ó. N kò mọ ẹni tí ó kọ gbólóhùn yẹn. N kò mọ bóyá òótọ́ ni. N kò sì mọ ohun tí ó kọ kẹ́yìn; ọjà ni aránṣọ fi í sí.